Àwọn Tẹlifíṣọ̀n Tí Ọ̀fọ̀ Kó Wá Bá Wa

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fa àga yín sún mọ́ mi díẹ̀. Ohùn mi kò lọ jìnnà mọ́, mi ò sì lè máa pariwo bí ẹni tó ń kiri ọjà. Lọ́jọ́sí, ẹ bi mí pé báwo ni àwa ẹnjiníà tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́ ṣe wá ní àwọn tẹlifíṣọ̀n ògbólógbòó tó báyìí, tó fi jẹ́ pé ilé èyíkéyìí nínú wa tí èèyàn bá wọ̀ nígbà náà, odidi yàrá kan ni wọ́n ń gbà. Ọ̀kan nínú yín tilẹ̀ rọra sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé bóyá a jí wọn kó ni. Mo gbọ́ ọ. Etí mi ń ṣàárẹ̀ ni, kò tíì kú. Mi ò sì bínú, nítorí bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ni ẹ bi mí léèrè yẹn, mo sì fẹ́ tú u sílẹ̀ fún yín.

A ò jí wọn, a ò sì rà wọ́n. Ọ̀fọ̀ ló kó wọn wá bá wa.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ti ń dùn mí bẹ̀rẹ̀. Látìgbà tí ìyàwó mi, Àbẹ̀kẹ́, ti jáde láyé, Fúnmiláyọ̀ ọmọ wa kò jẹ́ kí n gbádùn. Ó ní òun ò lè máa sùn ní Moniya kí èmi nìkan máa rìn kiri inú ilé ńlá ní Bódìjà bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sẹ́yìn. Ó ti ṣètò yàrá kan fún mi nílé rẹ̀. Yàrá náà dáa, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí oko ẹ̀gẹ́, afẹ́fẹ́ ń wọlé. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì kan àti àpótí aṣọ kan ló gbà. Nígbà tí mo bi í pé àwọn tẹlifíṣọ̀n mi ńkọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló tún ń wo irú ìyẹn?"

Kò pẹ́ tó fi mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá. Ọmọ náà mọ ẹ̀kọ́ ilé, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa. Ó fẹ́ ṣí ilé ìjẹun kan ní Ring Road, ó sì ní ohun àtijọ́ ni òun fẹ́ fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, kí àwọn èèyàn lè máa ya fọ́tò níbẹ̀. Ó ń wo gbogbo wọn, ó ń fi fóònù rẹ̀ yà wọ́n. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé, onílẹ̀kùn méjì, ó dúró. Ó ṣí ilẹ̀kùn náà, ó pa á dé, ó tún ṣí i. Ó ní, "Bàbá, eléyìí gan-an ni mo ń wá kiri. A máa kó gbogbo ìfun rẹ̀ dànù, a máa wá to ìgò ọtí sínú rẹ̀." Fúnmiláyọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní kó wá kó gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ti ìyá rẹ̀ ni onílẹ̀kùn méjì yẹn, mi ò sì fẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe lè sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan, nítorí ìdí náà gùn tó ọjọ́ ayé mi.

Ní ìgbà tiwa, ìrọ̀lẹ́ ni àwòrán máa ń jáde. Láti àárọ̀ títí oòrùn á fi rẹlẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń kọ́kọ́ fi àwòrán kan síta tó kún fún ìlà àti róbótó, ohùn kan ṣoṣo á sì máa dún fíììì lábẹ́ rẹ̀. Ìlà yẹn gan-an, àwọn èèyàn máa ń jókòó wò ó. Wọ́n á ti wẹ̀, wọ́n á ti kun àtíkè, àwọn àgbà ọkùnrin á ti dé fìlà, wọ́n á wá jókòó sílẹ̀ máa wo ìlà. Ẹ̀rín ń pa yín? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé tiyín wọ ilé ìyàgbẹ́. Mo ń rí yín.

Èmi àti Múráínà la jọ wọ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà nílé iṣẹ́ tó ń tàtagbà àwòrán. Bí a bá ti parí iṣẹ́ ìjọba, a ó gba ṣọ́ọ̀bù wa ní Dùgbẹ̀ lọ, níbi tí a ti ń tún tẹlifíṣọ̀n àwọn aráàlú ṣe. Mùsùlùmí ni Múráínà, kì í fi ìrun ṣeré. Èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun. Bó bá ń kírun lẹ́yìn tábìlì, èmi ni mo máa ń dá àwọn oníbàárà dúró. Bí mo bá gbààwẹ̀, òun náà ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé dòdò kọjá níwájú mi. A ò bá ara wa jà rí, àfi lórí ẹni tó gbé súkúrúdíráfà olókùn pupa sí ibi tí kò yẹ.

Inú tẹlifíṣọ̀n ìgbà yẹn kún fún gíláàsì kéékèèké tí à ń pè ní fáàfù. Bí o bá tàn án, kò ní yọjú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wàá dúró kí àwọn fáàfù náà gbóná, kí wọ́n pọ́n, òórùn eruku gbígbóná á sì gba pálọ̀ kan. Ohùn ló ń kọ́kọ́ dé. Àwòrán á wá máa yọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ti inú kùrukùru bọ̀. Ọmọńlé fẹ́ràn inú rẹ̀ nítorí pé ó móoru. Ẹ̀yìn rẹ̀ la sábà máa ń bá ẹyin wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ọmọńlé tó yan gbẹ ni àìsàn tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti torí rẹ̀ gbààwẹ̀.

Túùbù, gíláàsì ńlá tí àwòrán ń jáde lójú rẹ̀, ìkà ni òun náà. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lára iná láàárọ̀, iná tó kù sínú rẹ̀ lè gbá ọ lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó gbá Múráínà lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a ń palẹ̀ mọ́ de Iléyá. Ó ṣubú lulẹ̀ gbì, fìlà rẹ̀ fò bọ́ sínú ìkòkò ẹ̀wà ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa. Ìyá náà ní, "Ẹnjiníà, ṣé o fẹ́ kó rọ̀ kí n tó bù ú ni?" Múráínà wà nílẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ní Iléyá àti Kérésì, a kì í sinmi. Gbogbo ilé ló fẹ́ kí àwòrán mọ́ fún àlejò. Wọ́n á gbé tẹlifíṣọ̀n kọjú síta lójú fèrèsé, wọ́n á tẹ́ ẹní sí àgbàlá, ará ọ̀nà á dúró, ẹni tó ní òun fẹ́ lọ ra iyọ̀ ò ní délé mọ́. Láti Dùgbẹ̀ dé Ring Road, bí ẹ bá ń kọjá lọ, ohùn kan náà ni ẹ ó máa gbọ́ láti ilé dé ilé. Lónìí, èèyàn mẹ́rin jókòó nínú pálọ̀ kan, kálukú tẹjú mọ́ tiẹ̀. Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn.

Kí ni mo ń sọ ná? Éríà. Ẹ ò mọ éríà. Irin ni, ó rí bí egungun ẹja, a máa ń so ó mọ́ ọparun gígùn sórí òrùlé. Èèyàn mẹ́ta ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnjiníà á wà lórí òrùlé, á máa yí i. Baálé ilé á wà níwájú tẹlifíṣọ̀n, á máa wò ó. Ẹnì kẹta á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa gbé ọ̀rọ̀ láti inú ilé sókè, láti òkè sínú ilé. Bí mo ṣe pàdé Àbẹ̀kẹ́ nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ra tẹlifíṣọ̀n onílẹ̀kùn méjì kan, igi dáadáa, ẹsẹ̀ mẹ́rin tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì pè mí sílé wọn ní Challenge kí n wá fi éríà rẹ̀ sókè. Àbẹ̀kẹ́ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ti dé?"

"Wọ́n ní kò tíì dé!"

"Báyìí ńkọ́?"

"Wọ́n ní ó ti ń bọ̀!"

"Ó wá dáa?"

"Wọ́n ní ó tún ti lọ!"

Páànù gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dùn. Nígbà tó yá, àwòrán dé, ó mọ́ kedere, mo gbọ́ tí bàbá rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo ń béèrè, ó ń dá mi lóhùn, títí bàbá rẹ̀ fi sọ nínú ilé pé, "Ẹnjiníà yìí ò ní sọ̀kalẹ̀ ni?" Nígbà tó di ìyàwó mi tán, bí mo bá pẹ́ níbi kan, tàbí tí mo bá ń ro ohun kan kọjá bó ṣe yẹ, ohun tó máa ń sọ ni, "Ó ti dé látijọ́, ẹ̀yin ni ẹ ò sọ̀kalẹ̀."

Ohun kan tún wà tí tiyín kì í ṣe. Bí a bá pa tẹlifíṣọ̀n ìgbà yẹn, àwòrán rẹ̀ á sún jọ, á di ẹyọ ìmọ́lẹ̀ funfun kan ṣoṣo láàárín ojú rẹ̀, bí ẹyọ ìrẹsì. Á wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á máa kéré sí i, títí á fi kú tán. A máa ń sọ pé ó ń dágbére. Àbẹ̀kẹ́ kì í dìde kó tó dágbére tán. Ó ní kò dáa kí èèyàn kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ń dágbére fún un.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí àṣà náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan wà ní Ring Road tí à ń pè ní Ìyá Báyọ̀. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, ẹni tí kì í jẹ́ kí ìròyìn ìrọ̀lẹ́ kọjá òun. Ọkọ náà kú. Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ tí wọ́n sin ín tí Ìyá Báyọ̀ fi ránṣẹ́ sí wa pé tẹlifíṣọ̀n òun bàjẹ́. Èmi àti Múráínà dé ibẹ̀, mo tàn án, ó gbóná, ohùn dé, àwòrán dé, kò sí àbùkù. Mo ní, "Mà, kò sí ohun tó ṣe é." Ìyá Báyọ̀ kò wò mí. Àga ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Ó bàjẹ́ ni mo wí."

Mo tún fẹ́ ṣàlàyé, Múráínà tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú obìnrin náà, ó ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀, mà. Ó bàjẹ́ lóòótọ́. Ó wà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ wá béèrè." Ó pa á, gbogbo wa sì dúró títí ó fi dágbére tán. Ìyá Báyọ̀ fẹ́ dúpẹ́. Múráínà gbọ́wọ́ sókè, ó ní, "Ẹ má dúpẹ́, mà. Ẹni tó bá ti dúpẹ́ ti parí ọ̀rọ̀. Tiyín ṣì ni." Nígbà tí a gbé e dé ojú títì, mo bi í pé kí ló bàjẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ilé ló bàjẹ́. Àmánà ni èyí, ohun tí wọ́n fi sọ́wọ́ wa. Bó pẹ́ bó yá, kì í ṣe tiwa."

Ọ̀rọ̀ náà tàn. Kò pẹ́ tí àwọn ilé mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pé tiwọn náà bàjẹ́, àwọn ẹnjiníà yòókù nínú ìlú sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Múráínà bó ṣe wí i. A ó wọlé, a ó tàn án, a ó pa á, gbogbo ilé á dúró títí yóò fi dágbére. A ó wá wí i: ẹ kú ọ̀fọ̀, ó wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó ṣọ̀fọ̀ kò ní dúpẹ́. Bí wọ́n bá rí i pé ará ilé kan ń ṣí ẹnu, ará ilé mìíràn á gbá a lápá. Ẹ ò gbọ́dọ̀ rò pé àwọn èèyàn wọ̀nyí ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ilé tí òkú bá ti jáde, tẹlifíṣọ̀n á máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín, á máa kọrin. Kò ṣeé fara dà.

Ó wá kan bàbá Àbẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó sùn, kò jí. Ìyàwó mi ni mo lọ bá ní Challenge bí ẹnjiníà, tí mo tàn án, tí mo pa á, tí mo dúró tì í títí ó fi dágbére, tí mo sì wí ọ̀rọ̀ náà fún un lójú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wò mí. Kò dúpẹ́. Mo gbé onílẹ̀kùn méjì náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, mo jí láàárọ̀, ó gbé ẹ̀kọ àti àkàrà fún mi bó ṣe máa ń ṣe. Lọ́sàn-án, mo gbójú sókè ní Dùgbẹ̀, òun ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó wọ ìró funfun, ó kúnlẹ̀ kí wa bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Ó ní, "Ẹ káàsán, ẹ̀yin ẹnjiníà. Mo wá béèrè ohun tí mo fi síbí."

Èmi rẹ́rìn-ín. Múráínà kò rẹ́rìn-ín. Ó fi áńkáṣíìfù ara rẹ̀ nu tẹlifíṣọ̀n náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́. Nígbà tó lọ tán, mo rí Múráínà tó ń nu ojú. Ó ní, "Ẹnì kan béèrè." Nínú gbogbo àkókò tí a fi ṣe iṣẹ́ yẹn, Àbẹ̀kẹ́ nìkan ló wá béèrè. Onílẹ̀kùn méjì náà sì dúró ní pálọ̀ wa ní Bódìjà láti ìgbà yẹn, òun ló ń ṣí i, òun ló ń tì í, òun ló ń dúró kó dágbére.

Àwọn tó kù ò wá. Tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ mèremère dé, àwọn ọmọ olókùú rà á, wọ́n sì gbé e sí ibi tí ti bàbá wọn wà tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíràn kó kúrò nílùú. Ṣọ́ọ̀bù wa ní Dùgbẹ̀ kún, a kó wọn lọ sílé. Nígbà tó yá, kò sí ẹni tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n wá fún àtúnṣe mọ́, nítorí ti ayé òde òní kì í ṣàìsàn, ó kàn ń kú ni. A ti ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n ń ta bátìrì fóònù níbẹ̀ báyìí.

Múráínà ló kọ́kọ́ lọ nínú wa. Lẹ́yìn fídáù rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ pè mí, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ wá kó àmánà bàbá wa." Mo wí ọ̀rọ̀ náà fún ìyàwó rẹ̀, ó yí ojú sí ògiri, kò dúpẹ́. Mo kó ti ilé rẹ̀, mo kó gbogbo àwọn tí wọ́n fi sọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí mo rí súkúrúdíráfà olókùn pupa lórí ọ̀kan nínú wọn, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn yòókù ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó kù á sì kó ti ẹni tó lọ mọ́ tiẹ̀. Báyìí ni àwa ẹnjiníà ṣe di onítẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá pẹ́ láyé jù ló ní jù. Ẹ wo irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku èmi nìkan.

Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ kú, ilé kún. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹ, wọ́n lọ. Ìgbà tí ilé pa rọ́rọ́ ni mo rí onílẹ̀kùn méjì ní pálọ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ṣí sílẹ̀ díẹ̀ bí ó ṣe fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé kò yẹ kó wà níbẹ̀ mọ́. Mo gbé fóònù, mo ń wá orúkọ ẹnjiníà tí mo máa pè pé kó wá gbé e. Orúkọ wọn wà níbẹ̀. Àwọn tó ni orúkọ ni kò sí. Èmi àti mẹ́gáàdì la gbé e wọ yàrá lọ́hùn-ún, mo sì ní kí ó jáde. Mo tàn án. Mo ti ń tọ́jú rẹ̀, nítorí náà ó gbóná, ó mú ohùn jáde, ṣùgbọ́n kò sí àwòrán tirẹ̀ lójú ọ̀run mọ́, ó kàn ń hó ṣàà bí òjò lórí páànù. Mo pa á. Ó dágbére. Mo dúró, mo ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ó wà lọ́wọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ náà kò wọlé. Kò ṣeé wí fún ara ẹni, bí èèyàn ò ṣe lè kí ara rẹ̀ káàbọ̀.

Ohun tí mo ń bá yí nìyẹn nígbà tí Fúnmiláyọ̀ ní kí wọ́n wá kó wọn ní Sátidé. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo gbé ọ̀pá mi, mo ń kiri ilé àwọn tí mo ṣì mọ̀, kí n lè bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ tiwọn. Mo dé Agbowó, níbi tí Báyọ̀, ọmọ Ìyá Báyọ̀, kọ́lé sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kún ilé náà, ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ ń pariwo níwájú rẹ̀. Báyọ̀ fúnra rẹ̀ ti hu ewú. Ó yà á lẹ́nu pé tẹlifíṣọ̀n bàbá òun ṣì wà. Mo ní, "Kí ló dé tí ìyá yín ò wá béèrè rẹ̀?" Ó ní, "Màmá ò jẹ́ ká wá. Wọ́n ní bó bá ṣì wà lọ́dọ̀ ẹnjiníà, á dà bíi pé bàbá ṣì ń retí ìròyìn. Bí àwa bá gbé e wálé, tí bàbá ò sì wá wò ó, ó tán nìyẹn." Ó wá dì mọ́ mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni." Ó dúpẹ́. Kò mọ ohun tó ṣe, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ti tú mi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ilé tí mo dé ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì ń padà sí Bódìjà lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọpẹ́ tí ó wúwo ju òkúta lọ.

Sátidé dé. Mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́nu géètì. Fúnmiláyọ̀ wọlé wá bá mi nínú yàrá náà, ó bá mi lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílẹ̀kùn méjì. Ó ní, "Bàbá, ẹ dìde, wọ́n ti dé." Mo ní kó jókòó. Gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí ni mo sọ fún un, ti òrùlé bàbá àgbà rẹ̀ ní Challenge, ti Múráínà, ti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ wá kúnlẹ̀ ní Dùgbẹ̀, àti ti ọjọ́ tí mo wí ọ̀rọ̀ fún ara mi. Fèrè tún dún. Mo ní, "Ìyókù, kí ọmọ yẹn máa kó wọn. Àwọn tó ni wọ́n ti dúpẹ́, àwọn tí mi ò rí, Ọlọ́run á bá mi bẹ̀ wọ́n. Èyí ni mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é."

Mo rò pé ọmọ mi máa ní kò sí àyè, nítorí òótọ́ ni, kò sí àyè. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì, bó ṣe máa ń rí ìyá rẹ̀ tó ń ṣí i nígbà tó wà ní kékeré. Ó tàn án. A dúró kó gbóná. Ó hó ṣàà. Ó pa á, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ funfun yẹn sì dúró láàárín rẹ̀, ó ń kéré, ó ń kéré, àwa méjèèjì ń wò ó, kò sí ẹni tó mira títí ó fi tán.

Ó yíjú sí mi, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú ọ̀fọ̀."

Ẹ gbọ́ o, láti ọjọ́ tí a ti sin Àbẹ̀kẹ́, gbogbo ayé ló ti kí mi. Òun nìkan ni kò tíì kí mi, nítorí òun náà ni wọ́n ń kí. Ó fi ọwọ́ lé orí tẹlifíṣọ̀n náà. Ó ní, "Ó wà lọ́wọ́ mi."

Ọpẹ́ wá sí ẹnu mi. Mo gbé e mì. Mo dìde, mo lọ ṣí géètì.